Ìrora Ọrùn: Kí Ló Dé Tí Físíótẹ́rápì Fi Ń Gbẹ̀yìn?

Bí ọrùn bá ń dùn yín, kí ni ẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀pọ̀ wa ni yóò lo oògùn ìrora, tí yóò sì fi ìpara pa á. Bí kò bá lọ, a ó wá ẹni tí yóò fi agbára yí ọrùn wa. Ọ̀dọ̀ onímọ̀ físíótẹ́rápì ni a máa ń dé kẹ́yìn, nígbà tí ìrora ti di bárakú.

Ìṣòro yìí kò kéré. Ìwádìí àgbáyé kan tí a tẹ̀ jáde ní 2024 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 203 ènìyàn ni ìrora ọrùn ń bá fínra ní ọdún 2020. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Kí ni físíótẹ́rápì ń ṣe?

Onímọ̀ náà yóò yẹ ọrùn, èjìká àti apá yín wò, yóò sì béèrè iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ìtọ́jú télọ̀ tó ń tẹrí ba sórí máṣíìnì lè yàtọ̀ sí ti alábàárù tó ń ru ẹrù. Ó lè fi ọwọ́ wọ́ ọrùn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n eré ìdárayá tí ń fún iṣan ọrùn àti èjìká lókun ni òpómúléró ìtọ́jú náà. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò sì máa ṣe é nílé.

Níbo ni ìdènà wà?

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà: Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní 1966. Síbẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá inú ìlú ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ náà wà, àwọn mìíràn sì ti ré òkun lọ. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 55 tí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera ń dà láàmú jù. Òfin ọdún 2022 sọ ìdójútòfò ìlera di dandan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sanwó láti inú àpò ara wọn. Ìtọ́jú yìí sì ń béèrè ju ìbẹ̀wò kan lọ. Owó ọkọ̀ nìkan tó láti dá aláìní padà.

Nítorí náà, ó yẹ kí a mú un dé ilé ìtọ́jú alábọ́dé, kí a sì kọ́ aláìsàn ní eré náà láti ìbẹ̀wò àkọ́kọ́.

Ẹ kíyè sára

Bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá ń kú, bí ẹ kò bá lè dá ìtọ̀ dúró, bí ọrùn bá le gan-an pẹ̀lú ibà, tàbí tí ìrora bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọrùn yín. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.