Ẹ Bi Kọ̀ǹpútà Léèrè Kí Ẹ Tó Yáwó

  

Lọ́jọ́ tí a ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ wa kẹ́yìn, bí a ṣe ń tú ká, arákùnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn." Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó fẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní iṣẹ́ awakọ̀ òfúrufú ni òun fẹ́ ṣe. Kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà lọ́dún 1964, Nigerian College of Aviation Technology, Zaria níbí ló wà. Ọmọ náà ti rí Microsoft Flight Simulator 2024, ìyẹn eré tí èèyàn fi ń wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ti ń da bàbá rẹ̀ láàmú. Ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà ní ti ilé wọn ti gbó jù, kí wọ́n wá ra òmíràn. Bàbá bá fẹ́ lọ yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀, nínú àjẹṣẹ́kù yìí kan náà ló ti ń retí owó ilé ìwé àwọn àbúrò ọmọ náà ní sáà tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá sì tíì san gbèsè àkọ́kọ́ tán, wọn kì í yá a ní èkejì.

Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo wa lónìí: kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ tajà. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni.

Mo tẹ̀ lé e délé. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n lò ní ọ́fíìsì lókè òkun kí wọ́n tó kó o wá síbí. Mo ní kí ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, kó kọ dxdiag síbẹ̀, kó tẹ Enter. Gbogbo àṣírí bá tú síta. Processor rẹ̀ jẹ́ i5-4590, RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB. Nígbà tí a ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ Display sí, a rí i pé kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀. Èyí tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ processor ló ń lò.

Ẹ wá jẹ́ ká fi wé ohun tí àwọn tó ṣe eré náà béèrè. Èyí tó jáde lọ́dún 2020 kò béèrè ju i5-4460, RAM 8GB àti àyè 150GB lórí hard disk lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ káàdì àwòrán bíi GTX 770 tó ní 2GB tirẹ̀. Ti ọdún 2024 sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: i7-6800K, RAM 16GB, káàdì GTX 970 tó ní 4GB. Ẹ rántí pé ìwọ̀n tó kéré jù nìyẹn o. Bí èèyàn bá fẹ́ kí ó dùn ún wò, RAM 32GB àti káàdì RTX 2080 ni wọ́n ní kó ní.

Ẹ ò rí i báyìí? Ní ti eré ọdún 2020, processor yege, RAM yege, káàdì àwòrán ló fìdí rẹmi. Ní ti ọdún 2024, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fìdí rẹmi. Nítorí náà, ọlọ́jà kò purọ́ pé kọ̀ǹpútà náà kò lè gbé e. Ohun tí kò sọ ni pé òmíràn tí òun náà fẹ́ tà kò lè gbé e. Mo wo ìwé tó kọ fún wọn: i7-2600 ni. Ọ̀pọ̀ wa ń rò pé i7 gbọ́dọ̀ ju i5 lọ. Rárá o. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ máa wò. 2 tó ṣíwájú nínú 2600 túmọ̀ sí ìran kejì, tó jáde lọ́dún 2011. 4 tó ṣíwájú nínú 4590 jẹ́ ìran kẹrin. Arákùnrin wa ì bá jẹ gbèsè láti ra ohun tó dàgbà ju èyí tó wà nílé rẹ̀ lọ!

Èmi náà ti jìn sí irú kòtò yìí rí. Ẹnì kan sọ fún mi pé bí mo bá ti fi RAM kún laptop mi, eré bàálù tí ọmọ mi fẹ́ yóò máa ṣiṣẹ́. Mo gbé e láti 4GB sí 8GB. Owó lọ, kò sí ìyàtọ̀: àwòrán á rìn díẹ̀, á dúró. RAM kọ́ ló ń ṣàìsàn, káàdì àwòrán ni, ti laptop kì í sì í sábà ṣeé pààrọ̀. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣeé fi kún, ṣùgbọ́n èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ọ́fíìsì, àyè inú rẹ̀ há, power supply rẹ̀ kò sì lágbára. Káàdì RTX 2080 nìkan lè fa 215 watts. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ká tiẹ̀ ní owó kọ̀ǹpútà wà, dátà ńkọ́? Èyí tó jáde lọ́dún 2024 ń fa ilẹ̀ àti ilé tí bàálù ń fò kọjá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì bí èèyàn ṣe ń fò lọ ni. Wọ́n ní ó kéré tán, kí íntánẹ́ẹ̀tì náà máa sáré tó 10 Mbps. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra dátà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ sì ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní mo fẹ́ pa àlá ọmọ ọlọ́mọ. Wọn yóò ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Àwa tí a wà ní àjò, ọmọ ni èrè wa. Ṣùgbọ́n ìdí àwọn àbúrò rẹ̀ náà ń retí ìlẹ̀kẹ̀. Wákàtí tí èèyàn sì fi ṣeré nílé kì í wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí tí awakọ̀ fi fò. Mathematics, Physics àti English ni yóò kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn Zaria fún un.

Eré náà wúlò o, n kò ní kò wúlò. Ọmọ lè fi mọ ohun tí aago kọ̀ọ̀kan níwájú awakọ̀ ń sọ, kó mọ bí wọ́n ṣe ń gbéra àti bí wọ́n ṣe ń balẹ̀. Gbogbo èyí ni FlightGear lè kọ́ ọ. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe é láti bí ọdún 1997, bàálù kékeré Cessna 172 sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dín ẹwà àwòrán rẹ̀ kù, kọ̀ǹpútà bíi ti arákùnrin wa lè gbé e. Microsoft Flight Simulator X ti ọdún 2006 náà kò ju agbára rẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Bí ohun gbogbo bá yege, ẹ má ra nǹkan kan kún un. Bó bá jẹ́ RAM tàbí hard disk nìkan ló kù, ẹ béèrè iye rẹ̀, ẹ rà á bí apá bá ká a. Bó bá jẹ́ processor àti káàdì àwòrán ló fìdí rẹmi, ẹ fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ọmọ fi èyí tó bá a mu kọ́ṣẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Arákùnrin wa kò yáwó náà mọ́. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó ní ọmọ òun ti já bàálù mọ́lẹ̀ nígbà mọ́kànlá lórí FlightGear, ìgbà kejìlá ló tó balẹ̀ láyọ̀. Mo ní kó bá mi kí i. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.