Ẹ Mú Ìwé Yín Lọ́wọ́ Kí Ẹ Tó Lọ Ṣe Kérésìmesì Lẹ́yìn Bọ́dà

Oṣù Kẹsàn-án ni a wà yìí, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ti ń ka ọjọ́ Kérésìmesì. Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò ṣe ọdún nílé. Ìyá àwọn kan wà ní Kútọnu, ẹ̀gbọ́n àwọn mìíràn wà ní Lómè tàbí Akra. Ẹ tilẹ̀ wo bí ọmọ Ẹjigbo ti pọ̀ tó ní Abijan! Ní ti ọmọ Kétu àti ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní Èkó, òun kò ka ìrìn àjò náà sí ìrìn àjò òkèèrè rárá. Ilé baba rẹ̀ ni ó ń lọ.

Àwa kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Òyìnbó fa ìlà sórí ilẹ̀, kò lè fa ìlà sáàárín ọmọ ìyá. Ohun tí ó ń dùn wá ni owó tí a ń san lójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í fún wa ní rìsíìtì rẹ̀.

Ní ọdún tí ó kọjá, àwa mẹ́rin láti ẹ̀ka yìí wọ ọkọ̀ ní Mile 2, a ń lọ sí Lómè. Kí ọkọ̀ tó ṣí, awakọ̀ ní kí olúkúlùkù mú owó bọ́dà wá, lọ́tọ̀ sí owó ọkọ̀. A bi í pé owó kí ni. Ó ní, "Ẹ ṣáà san án, kí a má baà sùn sọ́nà." Àwa méjì ní páásípọ́ọ̀tù. Àwọn méjì yòókù kò ní ju káàdì ilé iṣẹ́ lọ. Iye kan náà ni gbogbo wa san. Níbi àyẹ̀wò kan, ẹnikẹ́ni kò wo ìwé wa. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó bọ ẹnìkan lọ́wọ́, a sì kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe nígbà tí a ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wa ná owó aṣọ ìyá rẹ̀ sójú ọ̀nà lọ́nà yìí. Nígbà tí oṣù Kínní dé, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ni ó ti yá owó ilé ìwé ọmọ.

Kí ni òfin wí? Èkó níbí ni wọ́n ti fi ọwọ́ sí ìwé tí ó dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975. Ní 1979, ní Dakar, wọ́n tún fi ọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ ìlú kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Nǹkan méjì ni àdéhùn náà béèrè: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́, èyí tí a ń pè ní yẹ́lò káàdì. Láti 2016, ẹni tí ó bá gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lẹ́ẹ̀kan ti gbà á tán, káàdì rẹ̀ kì í kú mọ́. Àdéhùn náà kò sọ pé kí a ká náírà sí àtẹ́lẹwọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ṣebí ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé náà sanwó. Kí ni ìwé wá wúlò fún?" Òótọ́ ni, a san án. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìwé ní ẹnu láti fi jiyàn. Bí èrò méjìdínlógún bá wà nínú ọkọ̀, tí méjì péré ní ìwé, àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù ni wọ́n fi ń dá iye owó lé gbogbo yín lórí. Ẹ má sì gbàgbé ìtàn. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ní oṣù Kínní 1983, Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà, òun ni báàgì Ghana Must Go fi gba orúkọ. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le, ìwé ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹ má bínú sí wa. Ọmọ ẹgbẹ́ ni ẹni tí ń gba owó bọ́dà, ọmọ ẹgbẹ́ náà ni ẹni tí ń san án. A mọ̀ pé awakọ̀ tí ó bá dá kọ̀ ọ́ yóò dúró sójú oòrùn, èrò yóò sì máa bú u. Nítorí náà a kò ní kí ẹnìkan dá ìjà jà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ohun tí a dábàá fún ìpàdé ẹ̀ka nìyí. Kí olúkúlùkù tí yóò rìnrìn àjò fi orúkọ sílẹ̀ kí oṣù Kẹwàá tó parí, kí a lè bá máníjà sọ̀rọ̀ lórí líífù. Kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yá ẹni tí kò ní páásípọ́ọ̀tù lówó báyìí, nítorí ẹni tí ó bá dúró di oṣù Kejìlá yóò bá èrò níbẹ̀. Kí àwọn awakọ̀ wa fi ìmọ̀ ṣọ̀kan pé àwọn kò ní gba owó bọ́dà lọ́wọ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ pé. Ibi tí wọ́n bá sì ti fi ipá gbà á, kí a kọ ọjọ́, wákàtí àti iye owó sílẹ̀ fún akọ̀wé ẹ̀ka, kí ẹgbẹ́ lè fi ohùn kan kọ ìwé ẹ̀sùn.

Ìyá tí ó ń retí wa ní Lómè fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀bùn tí ó dì fún un láti Èkó. Ẹ má jẹ́ kí ó parí sójú ọ̀nà. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.