Oṣù Mẹ́fà Ìkọ́ṣẹ́ Kì í Ṣe Ìsinmi

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí ó ní ọmọ ní yunifásítì tàbí ní pólì, pàápàá ẹni tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ obìnrin.

Bí ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọ̀gbìn tàbí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ti rìn jìnnà díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, àwọn olùkọ́ yóò ní kí ó lọ kọ́ṣẹ́ ní ibi iṣẹ́. Àwọn ọmọ ń pè é ní "IT." Ní yunifásítì, oṣù mẹ́fà ni ó sábà máa ń jẹ́; ní pólì, oṣù mẹ́rin. Nígbà tí ọmọ bá di ẹrù rẹ̀ wálé, àwọn òbí mìíràn a ní, "A dúpẹ́, ọmọ ti gba ìsinmi. Yóò bá mi jókòó ní sọ́ọ̀bù."

Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ìsinmi. Ní 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì. Ní 1973 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò ìkọ́ṣẹ́ yìí, tí à ń pè ní SIWES. Ohun tí ó fà á ni pé ọmọ tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ ohun tí ń bẹ nínú ìwé, ṣùgbọ́n bí a bá mú un dé iwájú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á.

Ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ rí mọ ohun tí à ń wí. Bí ọ̀gá ti wù kó ṣàlàyé tó, ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ oníaṣọ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ṣẹ́. Ìwé lè sọ bí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kò lè kọ́ ọmọ bí a ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ kí a mọ ohun tí ń ṣe é.

Wọn yóò fún ọmọ ní ìwé kan tí yóò máa kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí, ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò sì máa fọwọ́ sí i. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé àwọn òbí kan ń bẹ ẹbí tí ó ní ilé iṣẹ́ pé kí ó fọwọ́ sí ìwé náà fún iṣẹ́ tí ọmọ kò ṣe. Ẹ̀rí èké ni, ẹ sì mọ ohun tí ẹ̀sìn wa wí nípa ẹ̀rí èké. Ọmọ náà ni yóò jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ó wá fi ọwọ́ ṣe ohun tí ó fi ẹnu sọ.

Ọmọbìnrin ni èyí ń bá jù. A ó jẹ́ kí ọkùnrin lọ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. A ó ní kí obìnrin dúró tì wá. Bẹ́ẹ̀ ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ bá a lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ mọ ibẹ̀, ẹ mọ ọ̀gá rẹ̀, ẹ wá ilé ẹbí tí yóò máa sùn bí ọ̀nà bá jìn. Kí ó béèrè ibi tí yóò ti máa kírun. Ìborí tí etí rẹ̀ ń fẹ́ léwu níwájú ẹ̀rọ tí ń yí; kí ó dè é mọ́lẹ̀, kí ó ki etí rẹ̀ sínú ẹ̀wù.

Kí ó má ṣe rò pé alágbe ni òun nígbà tí ó bá ń mú lẹ́tà kiri. Òfin ní kí ilé iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ tí ó ń san lọ́dún fún ITF, nítorí irú ẹ̀kọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n kí ó tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó pẹ́ kì í sábà rí àyè tí ó dára.

Ilé iṣẹ́ púpọ̀ kì í san nǹkan kan fún wọn. Nítorí náà ẹ ti dá àjọ owó ọkọ̀ sílẹ̀ láti ọdún tí ó ṣáájú. Bí wọ́n bá sì sọ ọmọ di ẹni tí ń ra oúnjẹ kiri, kí ó jẹ́ iṣẹ́ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó sì bẹ ọ̀gá pé kí ó jẹ́ kí òun fọwọ́ kan iṣẹ́. Bí kò bá yí padà, kí ó sọ fún olùkọ́ tí yóò wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Ní alẹ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe béèrè pé, "Ṣé o ti dé?" nìkan. Ẹ bi í pé, "Kí ni o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe lónìí?" Bí ó bá ti ń rí ìdáhùn sí i lójoojúmọ́, owó ilé ìwé yín kò ṣòfò.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.