Owó Ọmọ Kì Í Ṣe Sàráà

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń tọ́ ọmọ ní ìlú ọba, ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá yín sọ, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò fajúro. Ọ̀rọ̀ owó ọmọ ni, èyí tí ìjọba ń pè ní Child Benefit. Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ti bí ọmọ méjì, mẹ́ta, tí wọn kò gba kọ́bọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ìwé ìgbélùú wọn pé. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn á ní, "Èmi kò wá síbí láti wá jẹ owó ìjọba." Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìwà mímọ́ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí owó náà ti wá. Obìnrin kan, Eleanor Rathbone, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún un. Nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣe òfin náà ní 1945, bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ máa san án fún. Obìnrin yìí yarí, ó ní ìyá ni kí wọ́n fún. Ó kú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1946. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí san ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀, láti orí ọmọ kejì. Ní 1977 ni Child Benefit tí a mọ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ó sì kan ọmọ àkọ́bí náà. Owó orí ni wọ́n fi ń san án. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe nọ́ọ̀sì lóru, tí ẹ ń wa bọ́ọ̀sì, tí ẹ ń tọ́jú àwọn arúgbó, ẹ wà lára àwọn tí ń san owó orí náà. Sàráà wo ló wá wà níbẹ̀?

Ní ọdún owó orí 2025 sí 2026, £26.05 lọ́sẹ̀ ni wọ́n san fún ọmọ tó dàgbà jù, £17.25 sì ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Ní ọdún náà, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ń gba £242.20 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Kò sí pé ọmọ pọ̀ jù. Ẹ bi ẹni tó ń ra bàtà ilé ìwé ní oṣù Kẹsàn-án bóyá owó kékeré ni.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Òbí ni yóò bá a mú un. Bí ẹ bá ti forúkọ ìbí ọmọ sílẹ̀, tí wákàtí 48 kọjá, ẹ lè kọ̀wé béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kí ẹ fi fọ́ọ̀mù CH2 ránṣẹ́ sí HMRC. Ẹ má fi falẹ̀ o. Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n lè san padà sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá dúró ọdún kan ti sọ owó oṣù mẹ́sàn-án nù.

Ta ni kí orúkọ rẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù náà? Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin bàbá gbọ́ mi dáadáa. Ọkọ mìíràn á ní òun ni olórí ilé, orúkọ òun ni yóò wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ìjọba ń gbà, ẹni náà ni wọ́n sì ń kọ National Insurance sílẹ̀ fún lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọmọ yóò fi pé ọdún 12. Ìwọ bàbá tí o ń lọ sí iṣẹ́, wọ́n ti ń yọ tìrẹ níbi owó oṣù rẹ. Orúkọ rẹ kò fi nǹkan kan kún un. Ṣùgbọ́n ìyá tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́fà nítorí ọmọ lè pàdánù ọdún mẹ́fà nínú ọdún 35 tí ènìyàn nílò kí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba tó pé. Ọ̀ràn olórí ilé kọ́ nìyí, ọ̀ràn ọjọ́ ogbó ìyàwó rẹ ni.

Bí ẹnì kan nínú tọkọtaya bá ń gba ju £60,000 lọ lọ́dún, wọn yóò máa gba lára rẹ̀ padà. Tó bá dé £80,000, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò gbà. Síbẹ̀, ẹ kọ fọ́ọ̀mù náà, kí ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́ owó. Ìyá yóò rí ọdún ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ọmọ náà yóò sì rí nọ́ńbà National Insurance rẹ̀ gbà kó tó pé ọdún 16.

Ọ̀rọ̀ tó nira ló kàn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú físà yín pé ẹ kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba, ẹ má fọwọ́ kan án, kódà bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ka owó ọmọ mọ́ owó ìjọba, ó sì lè ba ìwé ìgbélùú yín jẹ́. Bí ìwé ọkọ tàbí aya yín bá pé, òun lè béèrè ní orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò. Ẹ̀yin tí físà yín jẹ́ ti ẹbí, tí ìyà sì ń jẹ, ẹ lè bẹ Home Office kí wọ́n yọ òfin náà kúrò lórí yín. Lójú tèmi, ìrẹ́jẹ ni kí ènìyàn máa san owó orí kí wọ́n sì fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí á kọ̀wé sí àwọn aṣòfin wa, kí àpò ìjọ sì ṣí fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ọmọ ránṣẹ́ sí ilé ìwé ní Nàìjíríà, ẹ sọ fún HMRC. Bí òbí tó ń gba owó náà bá jáde kúrò ní ìlú ọba fún ìgbà díẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni òfin gbà, ó lè di méjìlá bí ó bá jẹ́ ti ìtọ́jú àìsàn tàbí ikú nínú ẹbí. Kí ọmọ wà ní Ìbàdàn kí owó máa wọlé ní Peckham, irọ́ ni. Ìjọba náà sì máa ń ṣìṣe: ní 2025, wọ́n wo àkọsílẹ̀ ìrìnàjò, wọ́n dá owó ọ̀pọ̀ ìdílé tó kàn lọ sinmi dúró, wọ́n sì padà tọrọ àforíjì. Nítorí náà, ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà ilé ìwé.

Ọmọ tí wọ́n bí láàrin ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án 2002 sí ọjọ́ kejì oṣù Kìn-ín-ní 2011, tí ẹ gba owó ọmọ lé lórí, ó ṣeé ṣe kí owó Child Trust Fund wà nílẹ̀ fún un láti ọdún 18. Ọ̀pọ̀ ni kò tíì gba tiwọn. HMRC yóò bá a wá ibi tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò bá yín wá a.