Ta Ló Sọ Pé Dùùrù Kò Gbọ́ Yorùbá?

Ní ìparí ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ tó ń kọ́ dùùrù ní Ìbà Housing Estate ṣe àṣehàn fún àwa òbí. Ọmọ mẹ́jọ ló tẹ dùùrù. A gbọ́ Bach, a gbọ́ Mozart. A ò gbọ́ orin ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, bàbá kan dá mi lóhùn pé, "Ìyá Bọ́lá, ohun èlò òyìnbó nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ Yorùbá, ẹ ra gángan fún ọmọ yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ará Ítálì, Bartolomeo Cristofori, ló kọ́kọ́ ṣe píánò, ní nǹkan bí ọdún 1700. Síbẹ̀, Isaac Albéniz, ọmọ ilẹ̀ Spéìn (1860 sí 1909), kó ìró gìtá àti ijó ìlú rẹ̀ sínú píánò nínú àkójọ orin tó pè ní Iberia. Kò dá píánò padà fún ará Ítálì kó tó di olórin Spéìn.

Ṣé a ò ní tiwa ni? Akin Euba, tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1935, kọ Scenes from Traditional Life fún píánò lọ́dún 1970. Ayọ̀ Bánkólé, ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, kọ Nigerian Suite.

Òótọ́ ni pé píánò kò lè fa ohùn bí gángan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ wò: òòlù kéékèèké ló ń lu okùn onírin nínú rẹ̀. Ohun tí à ń lù ni! Euba mọ èyí, ó sì lò ó bí ìlù: ọwọ́ kan ń lu tirẹ̀, èkejì ń lu òmíràn lé e, bí omele àti ìyáàlù.

Bí a ṣe ń lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bọ́lá bi mí pé, "Màmá, ṣé Yorùbá ò kọ orin dùùrù rí ni?" Ọmọ ọdún mẹ́wàá! Àwa la fi àìmọ̀ yìí kọ́ ọ, owó wa la sì fi san án.

Mi ò ní kí ẹ lé Bach jáde. Orin kan péré nínú mẹ́jọ ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin olùkọ́, LASU tí wọ́n ti ń kọ́ orin kò jìnnà sí wa. Ẹ lọ béèrè ìwé orin níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè kí ẹ tó san owó ẹ̀kọ́ tó kàn. Ohun tí a bá ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi.