Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Yín Bá Wọn Lọ sí Faransé

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa òbí Yorùbá tí a wà ní Ìlú Ọba níbí. Ilé-ẹ̀kọ́ á fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Faransé fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n lọ tọ́ oúnjẹ ibẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi etí ara wọn gbọ́ èdè tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì. Lójú ẹsẹ̀, òbí á ní, "Ọmọ tèmi kò lọ!" Tí ẹ bá béèrè ìdí, wọ́n á ní ìgbín àti àkèré ni wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún, wọ́n á ba ọmọ wa jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ìgbín kẹ̀? Àwa tí a mọ adùn ìgbín nínú ẹ̀fọ́ rírò? Tiwọn kò tilẹ̀ tó tiwa. Kékeré ni, bọ́tà, áyù àti ewé ni wọ́n fi ń sè é. Ọmọ Yorùbá tó bá ń fi ìgbín Faransé ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ní kó lọ wo inú ìkòkò ìyá rẹ̀ àgbà.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń lọ rí. Láti Dover, ọkọ̀ ojú omi á gbé wọn dé Calais ní nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Ọ̀nà abẹ́ òkun tí wọ́n ṣí ní 1994 tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì á wọ inú rélùwéè ní Folkestone, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ló kù. Wọ́n lè ná ọjà ní Boulogne, kí wọ́n sì wo bí wọ́n ṣe ń yan búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ń pè ní baguette.

Ní 2010, àjọ UNESCO ka oúnjẹ àwọn ará Faransé mọ́ ogún gbogbo ayé. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe adùn ọbẹ̀ nìkan ni wọ́n wò. Jíjókòó pọ̀ ni, ẹbí àti ọ̀rẹ́ yí tábìlì ká, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ṣé kì í ṣe bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe nìyẹn? Ilé mélòó nínú ilé tiwa ló ṣì ń jókòó jẹun pọ̀? Ọmọ á gbé abọ́ wọ yàrá, òun àti fóònù rẹ̀. Ohun tí a sọ nù sílé ni Faransé fẹ́ fi han ọmọ wa yẹn.

Ẹ tún wo èdè wọn. Ní Faransé, tu ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ àti ọmọdé, vous ni wọ́n ń pe àgbà àti ẹni tí wọn kò mọ̀. Ìwọ àti ẹ̀yin gan-an nìyẹn! Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn láìkọ́kọ́ kí wọn, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni lójú wọn. Ọmọ tí ẹ ti kọ́ ní ìkíni nílé kò ní ṣòro rárá. Àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Ṣábẹ pàápàá, Faransé ni wọ́n ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ààlà tí àwọn òyìnbó pín ní 1889.

Dáníẹ́lì kọ́ èdè Bábílónì, ó kọ́ ìwé wọn, ó sì mọ ohun tí òun kò ní jẹ. Kí ló fà á? Ilé ti kọ́ ọ kó tó lọ. Ọjọ́ kan kò lè ba ọmọ tí a ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ jẹ́. Ọmọ tí a kò sì kọ́, tó bá jókòó sí London títí ayé, kò ní kí ó má bàjẹ́.

Àmọ́ a mọ̀ pé fún àwọn kan nínú yín, kì í ṣe ìgbín ni ìṣòro. Ìwé ni. Owó ni. Ẹ má fi ìgbín bo owó mọ́lẹ̀, kí ọmọ máa rò pé oúnjẹ ẹlòmíì ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ tètè béèrè ìwé tó máa nílò, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò. Ní ti owó, òfin ilẹ̀ England kò gbà kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba yọ ọmọ kúrò nínú ìrìn-àjò àkókò ìkẹ́kọ̀ọ́ torí òbí kò lówó. Èyí tó bá kọjá àkókò yẹn, wọ́n lè gba owó, ṣùgbọ́n ẹ lọ bá tíṣà sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀yin tí Olúwa bùkún nínú ìjọ, tí ẹ bá mọ ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ san tirẹ̀, kí ẹ má sì fun fèrè.

Kí wọ́n tó lọ, ẹ gbàdúrà fún wọn. Tí wọ́n bá dé, ẹ se ọbẹ̀, ẹ jókòó yí tábìlì ká, ẹ ní kí wọ́n ròyìn.

Àwọn ọmọ wa á lọ láyọ̀, wọ́n á bọ̀ láyọ̀, wọn kò ní sọ ilé nù, ní orúkọ Jésù. Ẹ ṣe àmín yín.