Ilé Là Á Wò Ká Tó Gba Ọ́dà

Ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ìjọ ló ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹnì kan ń ta ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ, ẹlòmíràn ń ta àǹkárá, ọmọ tó wà nílé ìwé gírámà ló sì ń bá ìyá rẹ̀ dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp. Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, tí Black Friday dé, tí Kérésì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ́dà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé bí òjò. Àkókò yẹn gan-an ni èèyàn lè gba owó ọjà tí kò sí nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn. Nítorí pé nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ ìlera ni mo ti máa mú àpẹẹrẹ.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní sọ́fítíwíà tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Pẹpẹ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹrù kọ̀ọ̀kan ní àmì onílà tí ẹ̀rọ lè kà. Bí ẹrù bá wọlé, wọ́n á kà á. Bó bá jáde, wọ́n á tún kà á. Bí oníbàárà kan bá ra ọ̀kan nínú mẹ́wàá, lójú ẹsẹ̀ ni sọ́fítíwíà á yà á sọ́tọ̀, mẹ́sàn-án péré ni ẹlòmíràn á rí. Bí ọgọ́rùn-ún ọ́dà bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, á kó èyí tí ẹrù wọn wà nítòsí ara wọn pọ̀, kí òṣìṣẹ́ má baà máa rin ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Èyí tí ọjọ́ ìlò rẹ̀ máa kọ́kọ́ parí ni yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú. NHS náà ń lo irú ìlànà yìí. Ní 2016, àjọ ilé ìwòsàn mẹ́fà ní England bẹ̀rẹ̀ ètò Scan4Safety, tí wọ́n fi ń ka àmì tó wà lára ohun èlò àti èyí tó wà lọ́wọ́ aláìsàn, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n lò fún ta ni.

Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, ọ́dà ju agbára ètò lọ. Ètò ìpèsè tí wọ́n ṣe fún àjọ ilé ìwòsàn 226 wá di èyí tí ibi 58,000 ń retí ẹrù láti ọ̀dọ̀ rẹ̀: ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ọ́fíìsì dókítà àdúgbò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé nínú irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá wa ní Peckham ti ń ṣiṣẹ́. Ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ ni ààbò wọn. Ìjọba wá bá eBay, Clipper Logistics àti Royal Mail ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ṣí ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ilé ìtọ́jú àti dókítà ti lè béèrè ẹrù fúnra wọn. Wọ́n fi òdiwọ̀n sí iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè béèrè, kí ẹni tó kọ́kọ́ dé má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Nínú ìṣirò owó ọdún 2020 sí 2021, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera sọ pé nínú £12.1 bílíọ̀nù tí àwọn fi ra ohun ààbò, iye rẹ̀ ti fi £8.7 bílíọ̀nù dín. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú àdánù náà, £4.7 bílíọ̀nù, jẹ́ nítorí pé owó ọjà já wálẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti rà á lọ́wọ̀n-ọ́n. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi £670 mílíọ̀nù jẹ́ ẹrù tí kò ṣeé lò rárá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, olùyẹ̀wò owó ìjọba kò lè fi gbogbo ẹnu jẹ́rìí sí iye ẹrù tó wà nílẹ̀, nítorí pé wọn kò kà á bó ṣe yẹ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú kọ̀ńténà tí wọ́n ti pa dé. Sọ́fítíwíà kò ní ojú, ẹ̀yin ará. Ohun tí a bá sọ fún un nìkan ló mọ̀. Bí a kò bá ṣí àpótí ká kà á, irọ́ tó mọ́ tónítóní ni kọ̀ǹpútà á máa pa fún wa.

Jósẹ́fù mọ èyí ṣáájú wa. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 41, ọdún méje ló fi kó oúnjẹ jọ kí ìyàn tó dé. Ìdámárùn-ún ìkórè ló ní kí wọ́n yà sọ́tọ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ti tọ́jú oúnjẹ oko tó yí i ká. Ó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi pọ̀ kọjá kíkà. Nígbà tí ebi mú, tí àwọn èèyàn rọ́ dé, ó ní ohun tó lè tà fún wọn.

Nítorí náà, kí oṣù kejìlá tó dé, ẹ jọ jókòó nínú ilé, òbí àtọmọ. Ẹ fi ọwọ́ ka ọjà, ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí ìlò rẹ̀ máa parí sí ibì kan ṣoṣo. Tábìlì kékeré lórí fóònù ti tó. Bí ẹnì kan bá ti sanwó, ẹ yọ ọjà rẹ̀ kúrò nínú iye náà kí ẹ tó dá ẹlòmíràn lóhùn. Ẹ tún un kà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ku díẹ̀, ẹ fi òdiwọ̀n sí i, kó lè kárí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa gba iṣẹ́ ìgbà Kérésì ní ilé ìkẹ́rùsí, ẹ má fojú kéré ẹ̀rọ ìkàmì tí wọ́n bá fi lé yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ka nǹkan méjì sí ọ̀kan nítorí ìkánjú, ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ ló máa dúró de ẹrù tí kò ní dé.

Àwọn bàbá wa ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo inú ilé kí ẹ tó ṣèlérí fún oníbàárà. Bí ọjà bá ti tán, ẹ sọ pé ó ti tán. Ẹni tí ẹ bá sọ òótọ́ fún á padà wá. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kó sì jẹ́ kí bẹ́ẹ̀ ni yín máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àmín.